Ọ̀wọ́n Òjò, Ọ̀wọ́n Epo: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kí Ẹ Ra Oúnjẹ

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi mí jù ní ìsọ̀ mi ní ọjà Bódìjà, Ìbàdàn, ni pé, "Màmá, ṣé kò ní wálẹ̀ mọ́ ni?" Nígbà mìíràn gàrí ni wọ́n ń wí, nígbà mìíràn ẹ̀wà ni, tàbí èlùbọ́. Èsì mi ni pé ó kù sọ́wọ́ ohun tó gbé e lọ sókè. Ọ̀wọ́n tí òjò fà yàtọ̀ sí ọ̀wọ́n tí epo bẹntiróòlù fà. Èyí tí òjò fà ní ìgbà tó ń dé, ó sì ní ìgbà tó ń lọ. Ẹni tó bá ti ra tirẹ̀ sílẹ̀, tàbí tó lè jẹ nǹkan mìíràn fún oṣù méjì, á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí epo fà kì í tètè lọ. Bí epo bá gbówó lórí lónìí, owó ọkọ̀ á ti lé lọ́la. Bí epo bá wálẹ̀, àwọn awakọ̀ á máa wo ara wọn lójú títí, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ yọ owó kúrò.

Bí mo ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, kí ẹ̀yin tó ń bọ́ ilé, ẹ̀yin olóúnjẹ, àti ẹ̀yin tó ń ta nǹkan díẹ̀díẹ̀ níwájú ilé lè mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ kówó sílẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kí ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Mo ń rí àwọn ìyá tó jẹ́ pé àpò ni wọ́n máa ń rà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti wá di oníkóńgò méjì báyìí. Ẹni tó ń ra kóńgò méjì-méjì ni ọ̀wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ oṣù oúnjẹ kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ kí n fi gàrí bẹ̀rẹ̀, torí òun ni mo mọ̀ jù. Ẹ̀gẹ́ máa ń lò tó oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan ààbọ̀ nínú ilẹ̀, kò sì ní oṣù kan pàtó tí wọ́n gbọ́dọ̀ fà á. Àgbẹ̀ lè fi í sílẹ̀ títí owó yóò fi wù ú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi rò pé gàrí kò ní àsìkò. Ó ní. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí di oṣù kẹrin, ilẹ̀ ti gan. Bí ẹ bá fa igi ẹ̀gẹ́, igi á já sí yín lọ́wọ́, ẹ̀gẹ́ á kù sínú ilẹ̀. Àfi kí wọ́n fi ọkọ́ wú u, ẹni tí wọ́n sì gbà pé kó wá wú u á béèrè owó tó ju ti ìgbà òjò lọ. Ẹ̀gẹ́ tó ń jáde lóko kì í pọ̀ lásìkò yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé àti òṣìṣẹ́ kò dín gàrí tí wọ́n ń mu kù. Gàrí á lọ sókè.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ á rọ̀, ẹ̀gẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ṣùgbọ́n òjò yìí náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé padà lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn a máa kún fún omi, apẹ̀rẹ̀ kan náà kì í bí gàrí tó bí ti tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà tó dáa, kílò mẹ́rin sí márùn-ún ẹ̀gẹ́ ló ń di kílò gàrí kan. Igi ìdáná á tutù, ọ̀nà oko á di ẹrẹ̀, àwọn obìnrin tó ń yan gàrí á pẹ́ nídìí agbada kó tó gbẹ. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fà kì í dúró de ẹnikẹ́ni: tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń dúdú nínú. Bí ọkọ̀ kò bá rí ọ̀nà wọ oko, àdánù ni.

Nítorí náà, ìgbà tí mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó ra gàrí pamọ́ ni ìgbà tí àrọ̀kúrò bá ń parí lọ, oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá. Ilẹ̀ ṣì rọ̀, ọ̀nà ti ń gbẹ, igi ìdáná ti gbẹ, gàrí náà sì ń gbẹ dáadáa nínú oòrùn. Gàrí tí wọ́n yan nínú òjò tí kò gbẹ tán á di funfun fún èbu kó tó pé oṣù kan nílé yín.

Ohun kan tún wà nípa gàrí tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Ọdún tí gàrí bá pọ̀ jù, tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé àgbẹ̀ kò rí owó tó fi gbin ín gbà padà, ẹ tètè máa múra sílẹ̀. Àgbẹ̀ á dín oko ẹ̀gẹ́ kù, á gbin àgbàdo tàbí ẹ̀gúsí síbẹ̀. Torí pé ẹ̀gẹ́ ń pẹ́ nínú ilẹ̀, ọdún kan sí ọdún méjì lẹ́yìn náà la tó máa ń rí ìyà rẹ̀ lọ́jà. Ní oṣù keje 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé owó bodè kúrò lórí àgbàdo, ẹ̀wà, ìrẹsì àti wíìtì tí wọ́n bá kó wọlé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó di 2025 tí owó oúnjẹ wálẹ̀, inú àwa tó ń rà dùn, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tó ti ra ajílẹ̀ lówó gọbọi kò rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ tó pọ̀ lọ́pọ̀ lónìí lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́n ọ̀la, ẹ máa bi àgbẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ti àwọn tó kù kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Àgbàdo tútù ń dé ní oṣù kẹfà sí oṣù keje níhìn-ín, gbígbẹ ń pọ̀ láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kejìlá nígbà tí ti Òkè Ọya bá ti wọlé. Iṣu tuntun ń yọjú ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ, nítorí náà oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni iṣu ń wọ́n jù, tí àwọn tó bá ra èlùbọ́ Òkè-Ògùn sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn ń jẹ àmàlà wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀wà ń ti Òkè Ọya dé láti oṣù kẹwàá, òun ni ẹ máa rà kí ọdún tó parí. Àlùbọ́sà Sókótó àti Kébbí ń pọ̀ ní oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ó sì ń wọ́n nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Epo pupa, ẹ rà á láàrin oṣù kejì àti oṣù karùn-ún, nígbà tí ẹyìn ń pọ́n.

Tòmátì ló gba àlàyé. Èyí tó kún ọjà Ṣáṣá àti Bódìjà ní oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹta, Kánò àti Kàdúná ló ti ń wá jù. Òjò kọ́ ló bí i. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n gbìn ín, omi tí wọ́n sé bíi ti Tiga ní Kánò ni wọ́n fi ń bomi rin ín, àwọn mìíràn a sì máa fi ẹ̀rọ fa omi látinú odò tàbí kànga. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀hún, tòmátì náà tán, tiwa kò sì tíì pọ́n. Àlàfo yẹn, láti oṣù karùn-ún títí di nǹkan bí oṣù keje, ni ẹ ti máa ń rí i tí apẹ̀rẹ̀ kan ń gba owó tí ẹnikẹ́ni kò lérò. Bí kòkòrò bá tún wọ̀ ọ́, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún 2016, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta, tí àwọn èèyàn sọ ní Ebola tòmátì, run oko débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì lórí rẹ̀.

Òjò ibo lẹ ń wò?

Òjò tó rọ̀ sórí páànù yín ní Ìbàdàn kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ẹ̀wà. Ibi tí oúnjẹ náà ti ń hù ni kí ẹ wò. Fún gàrí, ẹ wo Ìdó, Èrúwà àti Igbó-Ọrà. Fún èlùbọ́, Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Fún ẹ̀wà àti àlùbọ́sà, Òkè Ọya ni.

Apá mẹ́ta ni mo máa ń wò lára òjò. Àkọ́kọ́ ni bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àkọ́rọ̀ a máa tan àgbẹ̀: á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kẹta, àgbẹ̀ á gbin àgbàdo, òjò á wá dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èso á jóná sínú ilẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá gbìn lẹ́ẹ̀mejì, owó èso méjì ló ná, àgbàdo rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó jáde. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ pé "a tún un gbìn," ẹ má retí àgbàdo tútù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Èkejì ni ọ̀gbẹlẹ̀ àárín òjò, tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù keje àti oṣù kẹjọ lọ́dọ̀ tiwa. Tó bá mọ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò burú, kódà ó ń jẹ́ kí wọ́n rí àgbàdo gbẹ. Tó bá gùn jù, àwọn tó fẹ́ gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì á dúró, ìkórè wọn á sì pẹ́. Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀. Bó bá tètè lọ, àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì á yọ ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò ní kún, ilẹ̀ á tètè gan, gàrí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n kí oṣù kejì tó dé.

Ẹ kò nílò láti máa wo ojú sánmà lásán. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí yóò kásẹ̀, àti bí ọ̀gbẹlẹ̀ àárín yóò ṣe gùn tó. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò máa ń ka á. NIHSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi odò, ló ń sọ ti ìkún omi. Mo máa ń kọ ti Ọ̀yọ́, Ògùn, Kwara àti Niger sínú ìwé mi, mo sì máa ń fi wé ohun tí àgbẹ̀ bá sọ fún mi lórí fóònù. Bí ọ̀rọ̀ àjọ náà àti ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ bá bára mu, mo gbà á gbọ́. Bí wọn kò bá bára mu, àgbẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ tirẹ̀, torí òun ló wà lórí ilẹ̀ náà.

Òjò tún lè gba ibi tí kò kan oko dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kẹwàá 2022, omi bo Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ọ̀nà di odò, tírélà oúnjẹ àti ọkọ̀ agbépo há sójú kan náà, àwọn tó kú káàkiri Nàìjíríà nínú ìkún omi ọdún yẹn lé ní 600. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2025, omi ya wọ Mọ́kwá ní Ìpínlẹ̀ Niger lóru, àwọn tó bá a lọ ju 200 lọ. Ojú ọ̀nà tí ẹrù ń gbà láti Òkè Ọya wá sí Jẹ́bà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn ni Mọ́kwá wà. Ìbànújẹ́ àwọn tó pàdánù èèyàn wọn ló ga jù. Ṣùgbọ́n ọjà náà kò ní dúró: bí afárá bá já, ọkọ̀ á gba ọ̀nà tó jìn, á jó epo sí i, ẹrù tútù á bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Níbi yìí ni ọ̀wọ́n òjò ti ń di ọ̀wọ́n epo.

Epo tó wà nínú kóńgò gàrí kan

Ẹ tẹ̀lé gàrí láti oko. Ọ̀kadà ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀gẹ́ dé ibi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí àwọn obìnrin bá ti bó o tán, ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ni. Ọkùnrin kan wà tó ń rin ẹ̀gẹ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìdó, ìgò oníke ló ń bu epo sí. Ó ti fi ìṣó ha ìlà sára ìgò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lójú rẹ̀, iye apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Tí obìnrin kan bá gbé apẹ̀rẹ̀ dé, á wo ìgò, á wo apẹ̀rẹ̀, á tó dárúkọ owó. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọjà àgbáyé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ilé epo bá fi owó kún un ni òun náà ń fi kún un, torí pé ìlà ara ìgò kò ní gùn sí i. Lẹ́yìn tirẹ̀, wọ́n á fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án lórí iná igi. Bí gáàsì bá wọ́n nígboro, tí àwọn ará ìlú ń sá padà sí igi àti èédú, owó igi náà ń lọ sókè ní abúlé. Ọkọ̀ á tún gbé e wá sí Bódìjà, alábàárù á gbé e dé ìsọ̀ mi.

Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù kò tó ₦200 ní ilé epo NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba. Ọjọ́ yẹn ni Ààrẹ Tinubu gba ìjọba, tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó ti kọjá ₦480, ní oṣù keje ó di ₦617, nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024 ó ti wà ní àyíká ₦1,000. Gbogbo àkàbà tí mo kà sílẹ̀ yẹn ni owó náà gùn. Kò sí ẹ̀gẹ́ kan tó bàjẹ́ lóko ní oṣù kẹfà 2023, síbẹ̀ gàrí wọ́n.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, torí ó máa gbà yín lọ́wọ́ àwọn tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn epo. Ká ní ọkọ̀ kan kó àpò 60 láti Èrúwà, awakọ̀ sì gba ₦120,000. Àpò kan gbé ₦2,000. Bí epo bá lé, tí awakọ̀ gba ₦180,000, àpò kan á gbé ₦3,000. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦1,000. Bí àpò náà bá jẹ́ kóńgò 50, ₦20 ni owó ọkọ̀ fi kún kóńgò kan. Ká tún wá fi ti ọ̀kadà, ẹ̀rọ àti igi kún un, ká sọ ọ́ di ₦50. Bí ẹni tó ń tà bá gbé ₦300 lé kóńgò lójijì, tó ní epo ni, irọ́ ni. Yálà ẹ̀gẹ́ ti wọ́n lóko, tàbí ó rí i pé gbogbo èèyàn ń pariwo epo, òun náà dara pọ̀. Ọlọ́jà ni mí, mo sì mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò ní fẹ́ kí n sọ èyí.

Kí n sọ ti àwa ọlọ́jà náà, kó má dà bíi pé a burú. Nígbà tí epo bá wálẹ̀, àpò tó wà ní ìsọ̀ mi, owó àná ni mo fi rà á. Bí mo bá tà á ní owó òní, owó tí màá fi ra òmíràn ti dín. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná wa le.

Kì í ṣe epo kan náà ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ọkọ̀ tó ń ti Ìdó bọ̀, bẹntiróòlù ló ń mu. Tírélà ẹ̀wà àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya, dísù ni. Ní 2022, lẹ́yìn tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukréìn bẹ̀rẹ̀, dísù lọ sókè gan-an nígbà tí bẹntiróòlù ṣì wà lábẹ́ owó ìrànwọ́. Ẹni tó bá ń wo bẹntiróòlù nìkan lọ́dún yẹn kò lè mọ ohun tó ń gbé owó ẹ̀wà. Nítorí náà, ẹ máa béèrè iye dísù pẹ̀lú. Ti tòmátì tún le jù: ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú oko ń mu epo, tírélà ń mu epo, bí ọkọ̀ bá sì fi ọjọ́ kan dúró nítorí epo, ìdá kan nínú apẹ̀rẹ̀ ti jẹrà. Tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn, epo ni òjò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajílẹ̀ yúríà, inú gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí gáàsì bá wọ́n lágbàáyé, ajílẹ̀ á wọ́n, àgbẹ̀ á fọ́n díẹ̀, àgbàdo á kéré.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń bá wa du oúnjẹ

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọkọ̀ kan ń jẹ oúnjẹ. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àgbàdo wọn ló ń di ẹtanọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ epo ọkọ̀. Òfin 2005, tí wọ́n fẹ̀ sí i ní 2007, ló pàṣẹ rẹ̀. Ní 2012, ọ̀dá ńlá mú àgbàdo wọn. Àgbàdo tó jẹ́ bíi kílò 25 kọjá dọ́là 8. Àwọn gómìnà kan bẹ ìjọba wọn pé kí wọ́n dá òfin náà dúró díẹ̀ kí ẹran ọ̀sìn lè rí jẹ, EPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká níbẹ̀, kọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ọ̀dá mú oko, ilé epo sì ń bèèrè tirẹ̀ síbẹ̀. Òjò àti epo pàdé lórí àgbàdo kan náà.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá. Àgbàdo ọ̀pọ̀ èèyàn níhìn-ín, oko wa ló ti ń wá, kò tètè gbọ́ ohùn Amẹ́ríkà. Ṣúgà ló ń gbọ́ tètè. Brazil ló ń fi ṣúgà tí wọn kò tíì fọ̀ ránṣẹ́ jù sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọ ṣúgà ní Nàìjíríà, Brazil sì ti ń fi ìrèké ṣe epo ọkọ̀ láti 1975. Bí epo rọ̀bì bá wọ́n lágbàáyé, ilé iṣẹ́ ìrèké wọn á darí ìrèké sí ẹtanọ́ọ̀lù, ṣúgà á dín kù. Ẹ̀yin tó ń dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tàbí tó ń ṣe zobo, bí ẹ bá gbọ́ pé epo rọ̀bì ń gun òkè fún oṣù méjì léraléra, ẹ ra àpò ṣúgà kan sílẹ̀. Epo ìsebẹ̀ náà wà níbẹ̀: Indonesia, tó ń ṣe epo ọ̀pẹ jù láyé, ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe dísù, ní oṣù kẹrin 2022 wọ́n tiẹ̀ dá títa rẹ̀ sílẹ̀ òkèèrè dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òróró wa gbọ́ ọ.

Bí mo ṣe ń mọ èyí tó jẹ́

Bí owó bá ti yí padà, mo máa ń kọ́kọ́ wò bóyá ohun kan ṣoṣo ló wọ́n tàbí gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ tòmátì nìkan, tí gàrí àti ẹ̀wà dúró sójú kan, òjò tàbí kòkòrò ni, á lọ. Bó bá jẹ́ pé gàrí, ẹ̀wà, omi inú ọ̀rá àti owó ọkọ̀ Bódìjà sí Iwo Road lé láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà, epo ni, ẹ má dúró dè é. Lẹ́yìn náà mo máa ń pe ẹni tó wà lóko, mo ń bi í léèrè iye tí wọ́n ń ta á lẹ́bàá oko. Bí ti oko kò bá yí padà, tí ti ọjà lé, àárín ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ti oko náà bá lé, mo máa ń béèrè òjò. Èyí tó kù ni oṣù tí a wà. Ẹ̀wà tó wọ́n ní oṣù keje kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ̀wà tó wọ́n ní oṣù kọkànlá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè, ìyẹn ni kí ẹ fiyè sí, torí pé oṣù keje tó ń bọ̀ á burú.

Nínú oṣù kejìlá, àti kí Iléyá tó dé, gbogbo ayé ń rìnrìn àjò, epo àti ọkọ̀ ń wọ́n pa pọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá lè rà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọdún, ẹ rà á.

Ohun tí ẹ máa ṣe

Bó bá jẹ́ ọ̀wọ́n òjò, ẹ yí oúnjẹ padà. Nígbà tí tòmátì tútù bá wọ́n, ẹ fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà gbé ọbẹ̀, tàbí kí ẹ ti sá tòmátì gbẹ ní oṣù kejì nígbà tó ń ṣòfò lọ́jà. Bó bá jẹ́ ọ̀wọ́n epo, ẹ dín ọ̀nà kù. Ẹ jẹ ohun tó ń hù nítòsí yín: láfún àti gàrí Ìbarapa kò rìn tó ẹ̀wà. Ẹ kóra jọ. Àwọn olùkọ́ kan ní Àgbọwọ́ máa ń dá owó jọ ní oṣù kọkànlá, wọ́n á gba ọkọ̀ kan tó kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé àpò tirẹ̀ lọ. Owó ọkọ̀ tó gbé àpò mẹ́wàá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó gbé ọgbọ̀n, orí àpò ni ìyàtọ̀ ti ń yọ.

Ìfipamọ́ ló kù. Gàrí, ẹ fi ọwọ́ fún un kí ẹ tó rà á. Bó bá dì mọ́ra nínú ẹ̀kúnwọ́ yín, kò gbẹ. Ẹ sá a sínú oòrùn ọjọ́ kan, kó tutù kí ẹ tó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ike tó ní ìdérí. Ẹ̀wà, ẹ bu ẹyọ kan jẹ: bó bá fọ́ kàá, ó gbẹ, bó bá rọ̀ lábẹ́ eyín, ẹ sá a. Ẹ yọ èyí tó ti lu kúrò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò ilé sínú ẹ̀wà, ó ti pa àwọn ìdílé kan. Ẹ wá àpò alápò mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì wà nínú, àpò lásán wà lóde. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ dì í pinpin, ẹ ṣe èkejì bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó di ti ìta. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, á kú. Bí ẹ kò bá rí i rà, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa ń ṣe é, bí ẹ bá kún un dé ọrùn tí kò sí àyè fún afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e sórí pákó, kó má fara kan sìmẹ́ǹtì, kó sì jìnnà sí ògiri. Ẹ má ṣí i fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọjọ́, iye tí ẹ rà á, àti iye tí wọ́n ń ta lítà epo kan lọ́jọ́ náà sára rẹ̀.